Ogójì Ọdún Rẹ Ti Kọjá Kí O Tó Gé Kéèkì

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú Jímọ̀ o. Kí Ọlọ́hun gba ìrun wa.

Ìwé ìpè méjì ló wọ fóònù mi lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ pé 40, èkejì jẹ́ ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ pé 50. Àwòrán aṣọ ẹbí wà lórí méjèèjì, nọ́ńbà àkáǹtì sì wà nísàlẹ̀. Mi ò fẹ́ fi Jímọ̀ òní jà lórí bóyá ọjọ́ ìbí ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Àwọn ààfáà ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn títí, ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí ẹ dúró sí. Ohun tí mo fẹ́ bi àwọn méjèèjì ni pé, ta ló bá yín ka ọdún yín?

Ẹni tó bá ka Súúrà Kaafi nínú Kùránì lónìí á bá a ní áyà 25 pé àwọn ọ̀dọ́ tí Ọlọ́hun mú sùn nínú ihò àpáta lo 300 ọdún níbẹ̀, "wọ́n sì fi mẹ́sàn-án kún un." Kí ló dé tí kò kúkú sọ pé 309 lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn onímọ̀ kan ṣàlàyé pé 300 ni bí a bá fi oòrùn kà á, 309 ni bí a bá fi òṣùpá kà á. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti kàlẹ́ńdà ara ògiri, òun la sì fi ń gba ààwẹ̀, òun la fi ń yọ sàká. Ẹ wá bá mi ṣírò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gé kéèkì 40, ó ti lé ní ọdún kan àti oṣù méjì tí ẹ ti pé 40 ní kíkà Hìjírà, ìyẹn kíkà òṣùpá. Ẹni tó ń ṣe 50, tiẹ̀ ti ń lọ sí ọdún kan àtààbọ̀. Ẹ ti wọlé tipẹ́, ẹ ṣì ń kanlẹ̀kùn.

Nínú gbogbo ọjọ́ orí, 40 ni Ọlọ́hun fẹnu ara Rẹ̀ dárúkọ pé ènìyàn dàgbà dé. Ó wà nínú Súúrà Ahkaafi, áyà 15. Ó sọ̀rọ̀ ìyá tó fi ìnira lóyún, tó fi ìnira bímọ. Ó ka oyún àti ọmú pọ̀, ó ní 30 oṣù ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tó fò sí: "títí tó fi dàgbà dáadáa, tó sì pé ogójì ọdún." Kò sọ ìgbà tó wọ ilé ìwé, kò sọ ìgbà tó gbéyàwó tàbí ìgbà tó ríṣẹ́. Àtorí ọmú, ó di 40. Mo máa ń dúró síbẹ̀ nígbà mìíràn tí mo bá ń kà á, ẹ̀rù á bà mí díẹ̀.

Ẹni náà wá gbẹ́nu lé àdúà. Ó ní kí Olúwa òun ràn òun lọ́wọ́ kí òun lè máa dúpẹ́ oore tí Ó ṣe fún òun àti fún àwọn òbí òun, kí òun lè máa ṣe iṣẹ́ rere tí Ó yọ́nú sí, kí Ó sì bá òun tún àwọn ọmọ òun ṣe. Ó ní òun ti ronú pìwàdà. Ẹ kíyè sí i pé ọpẹ́ òbí náà, ọrùn ọmọ ló wà, kódà bí àwọn òbí bá ti wà nínú sàréè. Ẹ tún kíyè sí i pé iṣẹ́ ló ń tọrọ. Ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì kì í tọrọ iṣẹ́.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ẹni 40 ọdún ni nígbà tí màlékà bá a nínú ihò Hira. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó ti ṣòwò, àwọn ará Mẹ́kà sì ti ń pè é ní Al-Amín, ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Lójú ayé, ó ti ṣe tán. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá a sọ ni pé, "Kà!" Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, ní 40 ọdún. Gbogbo ohun tí èmi àti ẹ̀yin fi ń jẹ́ mùsùlùmí lónìí, inú ọdún 23 tó tẹ̀ lé ọjọ́ yẹn ló ti wá.

Àwọn kan á ní ẹni tí kò bá gbọ́n ní 40 kò lè gbọ́n mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wo ìwé hádíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) tí Bùhárì kó jọ, níbi tó ti mú ọ̀rọ̀ Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà tó bá Ànábì gbáyé, wá nípa ìmọ̀: ẹ kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó fi yín jẹ olórí. Bùhárì fúnra rẹ̀ fi kún un pé kí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi yín jẹ náà, nítorí àwọn sàhábà Ànábì kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Abu Quhafa, bàbá Abu Bakr tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ànábì, irun rẹ̀ ti funfun báláú kó tó gba Ìsìláàmù lọ́dún tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà. Ànábì ní kí wọ́n bá a pa irun náà láwọ̀, àmọ́ kí wọ́n má lo dúdú. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kun dúdú kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni.)

Ẹ jẹ́ n sọ ti Ummu Haram. Obìnrin ará Mẹ̀dínà ni, ìlú tó jìnnà sí òkun. Ànábì sùn nílé rẹ̀, ó jí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n fi àwọn èèyàn kan nínú ìjọ òun han òun, wọ́n ń gun òkun bí ọba lórí ìtẹ́. Obìnrin yìí ò sọ pé òkun jìn, kò sọ pé ọkọ òun ò ní gbà. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́hun kí n wà lára wọn." Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, Ànábì ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun, obìnrin yìí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Kípírọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ubada. Ibẹ̀ ló ti já bọ́ lórí ẹran tó ń gùn, tó sì kú. Ibi tí wọ́n ń pè ní sàréè rẹ̀ wà lẹ́bàá ìlú Larnaca títí dòní.

Àbí ẹ rò pé ohun tuntun gbọ́dọ̀ tóbi tó òkun? Abu Dawud, òun náà kó hádíìsì jọ, gbà á wá pé Àíṣà ìyàwó Ànábì bá Ànábì sáré ìje lẹ́nu ìrìn àjò, Àíṣà ló borí. Nígbà tó yá tí Àíṣà sanra, wọ́n tún sáré, Ànábì borí, ó ní, "Èyí dípò ìyẹn." Ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, olórí ìjọ, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sáré. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò lè bá ìyàwó wa rìn dé ìkángun àdúgbò ká má tẹ fóònù.

Ìyá elépo kan wà nínú kéwú àwọn àgbà tí mò ń kọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó pé 55, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba gbọ̀ngàn, ó ní kí wọ́n bá òun ra awò ojú àti Kùránì tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Álífù ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti kọjá rẹ̀ báyìí, ọmọ náà ló sì ń tún un ṣe bí ìyá náà bá ṣì í kà. Mo sọ hádíìsì inú Bùhárì àti Muslim fún un, pé ẹni tó ń ka Kùránì tó ń kólòlò, tó sì ṣòro fún un, ẹ̀san méjì ni tirẹ̀. Ó ní, "Ààfáà, ẹ má jẹ́ n tètè mọ̀ ọ́n nígbà yẹn."

Sátidé tó kọjá, ìparí Fátíhà la wà, níbi "wálà dọ́ọ̀líìn". Lẹ́tà yẹn ò gbà fún un. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹfà, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ká dá a dúró ká lọ kírun. Ó fa gèlè rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí n jókòó, ó ku ẹ̀ẹ̀kan.