Nótárì Tó Ń Gun Àtẹ̀gùn Hòtẹ́ẹ̀lì: Bí Àlejò Ṣe Ń Fọwọ́ Síwèé Lóru ní Las Vegas

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá ní Las Vegas. Ọkùnrin kan jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ó gbé ìwé olójú mẹ́rin lé itan, ó ń wo fóònù bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Àpẹẹrẹ lásán lọkùnrin yìí o, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bọ̀dá. Houston ni Bọ̀dá ń gbé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ló bá a wá sílùú tẹ́tẹ́. Ọ̀sán òní ni àbúrò rẹ̀ pè é láti Ìbàdàn pé ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ rẹ̀ ní Mọ́níyà ti kó owó sílẹ̀, kò sì fẹ́ dúró. Lọ́yà ti kọ ìwé tí yóò sọ àbúrò di aṣojú Bọ̀dá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní power of attorney, ó ti fi í ránṣẹ́ sórí email, àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì sì ti bá a tẹ̀ ẹ́ jáde nísàlẹ̀. Ó ku kí Bọ̀dá fọwọ́ sí i níwájú nótárì.

Níbo lèèyàn ti ń rí nótárì nílé tẹ́tẹ́ lóru? Nótárì ló ń bọ̀ wá bá a. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbé òǹtẹ̀ sínú báàgì, kí wọ́n wakọ̀ lọ bá ẹni tó pè wọ́n, yálà ní ọsibítù, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nótárì alárìnkiri ni ká pè wọ́n.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú jù ni ọ̀rọ̀ nótárì gan-an. Nílé, nótárì kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Lọ́yà ni, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló sì ń yàn án. Tí ọmọ Nàìjíríà bá gbọ́ "nótárì", agbádá lọ́yà ló ń rí lójú ọkàn. Ní ìpínlẹ̀ Nevada, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18, tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì ní oníìdúró $10,000 fún àṣìṣe tó bá lè pa ẹlòmíràn lára, lè gba àṣẹ lọ́dọ̀ Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Obìnrin tó ń ta ìnṣọ́ránsì lọ́sàn-án lè máa ṣe nótárì lálẹ́. Torí náà, bí Bọ̀dá bá bi í pé, "Àǹtí, ṣé ìwé yìí á mú ilẹ̀ ní Ìbàdàn?", kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Kì í ṣe ìgbéraga. Òfin ló ní kó má ṣe iṣẹ́ lọ́yà nígbà tí kì í ṣe lọ́yà.

Kí wá ni òǹtẹ̀ rẹ̀ ń sọ? Ohun kékeré kan ni, àmọ́ òun ni gbogbo ìwé náà rọ̀ mọ́: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbí yìí, mo rí i lójú ara mi, mo yẹ ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ó tán. Bóyá ilẹ̀ náà jẹ́ ti Bọ̀dá lóòótọ́, bóyá ọmọ onílẹ̀ ti tà á fún ẹni mẹ́ta, òǹtẹ̀ náà kò mọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé tí a wà yìí díẹ̀, torí ó ní ìtàn. El Cortez ni, ní òpópónà Fremont, àárín ìlú àtijọ́, níbi tí tẹ́tẹ́ Las Vegas ti gbilẹ̀ kí àwọn ilé gàgàrà tó wà ní Strip, òpópónà ńlá àwọn ilé tẹ́tẹ́ òde òní, tó dé. Oṣù kọkànlá ọdún 1941 ni wọ́n ṣí i, pẹ̀lú yàrá 59 péré. Ní 1945, Bugsy Siegel, Meyer Lansky, àwọn ọ̀gá ọ̀daràn ayé ìgbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rà á, wọ́n tà á ní 1946 pẹ̀lú èrè, wọ́n sì da owó rẹ̀ sórí hòtẹ́ẹ̀lì Flamingo tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ní 1963 ó bọ́ sọ́wọ́ Jackie Gaughan, oníṣòwò ilé tẹ́tẹ́ tó fẹ́ràn ilé náà débi pé òkè ibẹ̀ ló ń gbé títí ó fi kú ní 2014, kódà lẹ́yìn tó ti tà á. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá gba yàrá nínú ilé àkọ́kọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ni yóò fi gòkè, torí kò sí lífìtì níbẹ̀. Ẹ rántí nótárì pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àná ni ìwé ìbúra wọ hòtẹ́ẹ̀lì Nevada o. Ọdún 1931 ni ìpínlẹ̀ náà fi òfin sọ tẹ́tẹ́ di ohun tó bófin mu. Ọdún kan náà ni wọ́n dín àkókò tí àlejò gbọ́dọ̀ fi gbé níbẹ̀, kó tó lè gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù, kù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń fòòró ẹni tí ìgbéyàwó ti sú, àwọn olówó ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Nevada, wọ́n ń sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì àti oko àwọn olókoowò màlúù, wọ́n ń ka ọjọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, kóòtù á ní kí ará ìlú kan wá búra pé lóòótọ́ lòun ń rí ẹni yìí níbí. Ìyá onílé tí wọ́n sùn sí lọ́dọ̀ ló sábà máa ń jẹ́rìí. Ní 1939, Ria, ìyàwó gbajúmọ̀ òṣèré Clark Gable, wá gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tirẹ̀ ní Las Vegas, ìwé ìròyìn sì gbé e káàkiri débi pé ìlú náà di mímọ̀ fún ìkọ̀sílẹ̀. Títí di òní, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kò yí padà, wọ́n ṣì ń béèrè ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú yàrá. Ẹnu ọ̀nà ti ń ró: kó, kó, kó.

Nótárì wọlé. Kò jókòó, ìwé ìdánimọ̀ ló kọ́kọ́ béèrè. Bọ̀dá na láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ Texas sí i. Obìnrin náà wo fọ́tò, ó wo Bọ̀dá, ó wo ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì yóò kú. Lẹ́yìn náà ló wá fi orúkọ wé orúkọ, lẹ́tà kan sí èkejì. Ibí ni wàhálà àwa Yorùbá máa ń wà! Lọ́yà Ìbàdàn, torí ó bọ̀wọ̀ fún oníbàárà rẹ̀, ti kọ gbogbo orúkọ Bọ̀dá pé, títí dórí Àkànní. Lórí láísẹ́ǹsì, kò sí Àkànní. Àkànní tí ìyá àgbà fi ń kì í kò dé ọ́fíìsì ìjọba Texas rí. Orúkọ tó pọ̀ jù lórí ìwé, tí káàdì kò sì gbè é lẹ́sẹ̀, lè mú nótárì kọ iṣẹ́. Bọ̀dá wá rántí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tó wà nínú àpótí. Àkànní wà níbẹ̀, ọjọ́ ìwé ìrìnnà náà kò sì tíì kọjá. Ó mí kanlẹ̀. Ẹni tó bá ń retí irú ìwé báyìí láti ilé, kó ya fọ́tò káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí lọ́yà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé rárá.

Ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ ìbí yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ti mu díẹ̀: "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, láti ilé ìwé girama ni!" Nótárì rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ ẹ́ kó dúró síta. Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, ariwo ọ̀rẹ́ kì í ṣe ìdánimọ̀. Èkejì, ó fẹ́ kí Bọ̀dá dá nìkan wà, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ń fipá mú un.

Lẹ́yìn náà ló bi í ní ìbéèrè tí kò jọ ìbéèrè: "Irú ìwé wo lẹ fẹ́ fọwọ́ sí lálẹ́ yìí?" Etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀, imú rẹ̀ náà sì ń ṣiṣẹ́. Ní Las Vegas, wọ́n máa ń gbé ọtí ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó ti jókòó nídìí ẹ̀rọ láti ìrọ̀lẹ́ lè máà mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé ilẹ̀ àti ìwé oúnjẹ. Tí Bọ̀dá bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí kò lè ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìwé, nótárì á di báàgì rẹ̀, á ní kó pe òun láàárọ̀. Nótárì tó bá gbójú fo èyí ni mo bẹ̀rù jù, torí òǹtẹ̀ tí a tẹ̀ fún ọ̀mùtí, ẹjọ́ ni yóò bí lọ́jọ́ iwájú. Orí yọ Bọ̀dá: kófí ló ń mu láti ọ̀sán.

Irú iṣẹ́ méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe lórí ìwé, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nínú ọ̀kan, o kàn ń jẹ́wọ́ níwájú nótárì pé ìwọ lo fọwọ́ sí i tinútinú. Kódà o lè ti fọwọ́ sí i kó tó dé. Nínú èkejì, o ń búra pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ìṣojú rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i. Àfídáfíìtì ni irú kejì yìí. Nótárì kò gbọ́dọ̀ bá ọ yan èyí tó yẹ ìwé rẹ. Kò sì gbọ́dọ̀ tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé tí kò ní gbólóhùn ẹ̀rí tirẹ̀, níbi tí yóò ti kọ ohun tó ṣe àti ọjọ́ tó ṣe é. "Ẹ sáà bá mi tẹ̀ ẹ́ jàre" kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí àǹtí rẹ bá sì jẹ́ nótárì ní Las Vegas, má yọjú sí i: òfin Nevada kò jẹ́ kó ṣe é fún ìbátan.

Kí Bọ̀dá tó fọwọ́ síwèé, nótárì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, èyí tó dà bíi rẹ́jísítà ilé ẹ̀kọ́. Ó kọ ọjọ́, aago, irú ìwé, irú ìdánimọ̀ àti owó tó gbà, Bọ̀dá sì fọwọ́ sí ìlà tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ yẹn títí di ọdún méje lẹ́yìn tó bá ti fi iṣẹ́ nótárì sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá sọ lọ́la pé Bọ̀dá kò sí ní Las Vegas lọ́jọ́ náà, ìlà yẹn ló máa dáhùn.

Owó ńkọ́? Òfin ìpínlẹ̀ ló dá iye rẹ̀ lé: $15 fún ìfọwọ́sí àkọ́kọ́ tí èèyàn bá jẹ́wọ́, $7.50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e; ti ìbúra jẹ́ $15 fún ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan. Owó ìrìn wà lọ́tọ̀: $15 fún wákàtí kan láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí méje alẹ́, $30 fún wákàtí kan lóru, ó sì lè ka wákàtí méjì ó kéré tán. Bọ̀dá, onífọwọ́sí kan, lóru: $75. Kí nótárì tó kúrò nílé ló ti gbọ́dọ̀ sọ fún un, kó sì jẹ́ kó yé e pé owó ìrìn yàtọ̀ sí owó òǹtẹ̀. Kọ ìyẹn sílẹ̀ o, tí o bá ń bọ̀ ní Vegas.

Àwọn àlejò mìíràn ń pe nótárì nítorí ìwé mọ́tò, ìwé yíyá owó ilé, tàbí lẹ́tà tó fún ìyá àgbà láyè láti mú ọmọ rìnrìn àjò. Àwọn kan ń pè é nítorí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́gán. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ òǹtẹ̀ rẹ̀. Ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìgbéyàwó ti Clark County ni kí wọ́n lọ, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí ọ̀gànjọ́ ló ń ṣí lójoojúmọ́.

Ìwé Bọ̀dá ti gba òǹtẹ̀. Ṣé ó ti dé Ìbàdàn nìyẹn? Abala 150 nínú Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011 sọ pé kóòtù yóò gbà pé ìwé aṣojú tí a fọwọ́ sí níwájú nótárì jẹ́ bó ṣe rí. Àmọ́ kóòtù nìyẹn. Ọ́fíìsì ilẹ̀ tàbí báńkì lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti 1961, tí orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ fi ń gba ìwé ara wọn pẹ̀lú èdìdì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ní kí ìwé náà gba ọ̀nà gígùn, yóò kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ Nevada, kí wọ́n jẹ́rìí sí nótárì náà, yóò dé ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ní Washington, kó tó wá kan ẹ́ńbásì Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lè lọ síbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí Bọ̀dá ti bi lọ́yà rẹ̀ lọ́sàn-án nìyí, kó tó pe ẹnikẹ́ni.

Ó pè é báyìí. Ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀ ní Ìbàdàn, lọ́yà sì fi ohùn oorun dáhùn. Nótárì ti di báàgì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di irin ìdiwọ́mú mú. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ń dún bí agogo, ìyá kan sì ń ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.