Shasta Daisy: Ẹ Hú U, Ẹ Pín In

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yìnkùlé wa ní ìhà gúúsù London lẹ ń wò yìí. Oṣù Kẹrin la wà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí wa ni. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà súnmọ́ ibi tí ìka mi wà. Ẹ rí i? Ewé tútù yọ yíká bí òrùka, ṣùgbọ́n àárín òrùka náà gbẹ táútáú. Ìdí igi ọdún tó kọjá nìkan ló kù níbẹ̀. Ó ti dúdú, bí mo sì ṣe fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yìí, ńṣe ló ń rún.

Òdòdó Shasta daisy nìyí, ọdún kẹta rẹ̀ rèé lójú kan. Ẹni tí kò bá mọ ìwà rẹ̀ á ní àrùn ló mú un, á lọ ra ajílẹ̀ wá dà lé e lórí. Àrùn kọ́ o. Bó ṣe ń dàgbà nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà rìn, ó ń fi àárín sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá wò ó níran báyìí fún ọdún méjì sí i, ewé tó kù létí yẹn náà á máa dínkù, òdòdó rẹ̀ á kéré, tó bá wá di ọjọ́ kan, a ò ní bá a níbẹ̀ mọ́. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ wa ni ká hú u, ká pín in. Iṣẹ́ tí a máa ṣe lónìí nìyẹn.

Kí n tó mú fọ́ọ̀kì ọgbà, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń bá lò. Ewúro tẹ́ ẹ mọ̀, ẹbòlò, yánrin, wọ̀rọ̀wọ́, títí dé imí-eṣú tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo wọn pẹ̀lú daisy. Òdòdó wọn la fi ń dá wọn mọ̀. Fídíò tí mo ká sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún tó kọjá rèé. Mo já orí kan, mo fi èékánná ya àárín rẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí à ń pè ní òdòdó kan ṣoṣo yìí, agbo ni. Òdòdó kéékèèké ló kún àárín yìí fọ́fọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bíi fèrè tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì là sí márùn-ún. Ewé funfun gígùn tó yí i ká pàápàá, òdòdó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn fèrè tó wà létí ló ń kọ́kọ́ là, wọ́n á wá máa là wọ àárín lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oyin fi ń pẹ́ lórí ẹyọ kan, á máa yí po, á máa ti ẹnu bọ ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ẹ bá já orí imí-eṣú, tí ẹ tú u wò, irú fèrè kéékèèké bẹ́ẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀, àfi pé ewé funfun kò yí tiẹ̀ ká.

Daisy kékeré tó ń hù láàárín koríko àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ni orúkọ yìí. Bó bá di alẹ́, á pajú dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á lajú. Wọ́n bá ń pè é ní ojú ọ̀sán ní èdè wọn àtijọ́, ibẹ̀ ni daisy ti jáde. Mo fẹ́ràn orúkọ náà gan-an.

Shasta tiwa yìí ní tirẹ̀, kò sí igbó kankan tó ti wá. Ọwọ́ ènìyàn ló ti jáde. Luther Burbank, tí wọ́n bí ní Massachusetts ní ọdún 1849, kó lọ sí Santa Rosa ní California ní 1875, ó sì sọ ibẹ̀ di ọgbà tó ti ń dá irúgbìn tuntun. Ó fẹ́ràn daisy funfun tó máa ń hù nínú pápá ní ìlú tí wọ́n ti bí i, èyí tí àwọn àgbẹ̀ kà sí èpò. Ní 1884, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìyẹ̀fun òdòdó kan, ó ń fi sí òmíràn: ó mú ti pápá yẹn, ó mú ti Yúróòpù tó tóbi jù ú lọ, ó tún mú ti ilẹ̀ Potogí. Síbẹ̀, funfun wọn kò mọ́ tó bó ṣe ń fẹ́. Ìgbà tó mú ti ilẹ̀ Japan mọ́ ọn ló wá funfun báláú. Ọdún 1901 ló gbé e jáde, lẹ́yìn ọdún 17 tó ti ń ṣe é, ó sì fi orúkọ òkè Shasta, tí yìnyín máa ń bò lórí, pè é.

Ìtàn yẹn kan iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa yìí. Ohun tí a kó jọ láti ilé mẹ́rin, bí a bá gbin èso rẹ̀, ọmọ lè má jọ ìyá: ọ̀kan á ga, ọ̀kan á kúrú, òmíràn á tanná wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Becky, tó ń ga tó nǹkan bíi mítà kan, tàbí Snowcap tí kì í ga ju orúnkún lọ, kó má gbẹ́kẹ̀ lé èso. Ìdí rẹ̀ ni kó pín. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òrùka ewé tútù tẹ́ ẹ rí lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹ kà á sí.

Ó yá. Mo gún fọ́ọ̀kì yíká rẹ̀, mo jìnnà sí i níwọ̀n 20 sẹ̀ǹtímítà kí n má baà gé gbòǹgbò rẹ̀ púpọ̀, mo wá ń gbé e láti ìsàlẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń já? Gbòǹgbò rẹ̀ kì í rìn jìnnà sínú ilẹ̀, kò ní yọ wá lẹ́nu. Mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yìí: gbòǹgbò tuntun, ó funfun, ó le bí okùn, ewé mẹ́rin sí márùn-ún sì wà lórí rẹ̀. Èyí ni à ń wá. Àárín tó dúdú yìí, orí àkìtàn ló ń lọ. Ọwọ́ ni mo fi ń ya ìyókù; níbi tí ọwọ́ kò bá ti ká a, ọ̀bẹ búrẹ́dì àtijọ́ wà níbí. Ẹ má ya á wẹ́wẹ́ jù. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù ọwọ́, kó ní ewé, kó ní gbòǹgbò. Ẹ kà á: ẹyọ kan ti di méje.

Ọdún méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ máa ṣe èyí síra wọn. Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ló dára jù lójú mi, nígbà tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Àwọn kan ń ṣe é ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì ń yẹ wọ́n, ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá ti ń gba omi dúró, ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò rí gbogbo ìgbà ooru fi múlẹ̀ kí òtútù tó dé.

Omi yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ra mẹ́ta, mo gbìn wọ́n sí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ọgbà, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ amọ̀ líle. Wọ́n tanná, ó wu gbogbo ilé. Nígbà tó di oṣù Kejì, mo fọwọ́ kan wọn lórí, gbogbo rẹ̀ sì jáde sí mi lọ́wọ́, ó rọ̀ bí ògì, ó ń rùn. Ó dùn mí wọra. Mo ní òtútù ló pa wọ́n, òtútù kọ́. Shasta lè fara da òtútù tí ilẹ̀ fi ń dì. Omi tó dúró sí i nídìí ni kò lè fara dà. Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà, ohun tí bàbá mi ń ṣe lóko ni: mo ń kọ ebè. Ẹ wò ó níbí. Ó ga níwọ̀n 15 sẹ̀ǹtímítà, mo po òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀dú mọ́ amọ̀ náà. Orí rẹ̀ ni mo ń gbìn wọ́n sí, àlàfo 50 sẹ̀ǹtímítà láàárín wọn, kí oòrùn lè pa wọ́n fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lóòjọ́. Ibi tí ewé ti pàdé gbòǹgbò, ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kó wà.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀dú díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti tó. Bí ẹ bá fún un ní àfúnjù, ewé ló máa fi ṣe, igi rẹ̀ á rọ̀, òjò kan á sì tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Ewé tuntun yìí lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́, torí àwọn ìgbín tí kò ní ìkarahun. Alẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi jẹ ìdí kan tán. Tọ́ọ̀ṣì ni mo ń mú jáde lẹ́yìn tí òjò bá dá, màá máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ike. Mi ò tíì rí oògùn tó ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àfihàn òdòdó ńlá ní Chelsea, àwọn ológbà níbí máa ń gé irú òdòdó báyìí lórí, ìdá mẹ́ta gíga rẹ̀ ni wọ́n ń gé sọ nù. Á kúrú, á ki, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó tanná. Èmi máa ń gé ìdajì igi tó wà lórí ìdí kan, mo ń fi ìdajì sílẹ̀, kí òdòdó lè tẹ̀ lé ara wọn. Èyí tó bá ga, ẹ tètè gún ọ̀pá tì í bíi ti iṣu. Bó bá ti ṣubú kí ẹ tó rántí, kì í tún nà tán mọ́.

Tó bá di oṣù Keje, sísọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ jìnnà sí yín. Òdòdó tó bá ti rọ, ẹ tẹ̀ lé igi rẹ̀ wálẹ̀ títí ẹ ó fi kan ewé tàbí orí tuntun, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gé e. Bí ẹ bá jẹ́ kó so èso, inú èso ni gbogbo agbára rẹ̀ á lọ. Bí ẹ bá ń gé e, á tanná dé oṣù Kẹsàn-án. Ẹ lè gbé e sínú omi lórí tábìlì, ó rẹwà, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò dára. Ẹ má gbé e sí ibi tí ẹ ti ń jẹun.

Àwọn ìbátan rẹ̀ míì ò le púpọ̀. Rudbeckia, ẹ máa pín òun náà bẹ́ẹ̀. Echinacea kì í fẹ́ kí wọ́n máa hú u káàkiri. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí orí rẹ̀ tó gbẹ dúró fún àwọn ẹyẹ nígbà òtútù. Èyí tó ń tanná nítòsí ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́, 29 oṣù Kẹsàn-án, òun ni wọ́n ń pè ní Michaelmas daisy. Ohun funfun kan bí ìyẹ̀fun máa ń bo ewé àwọn míì nínú wọn, ẹ béèrè irú New England, tirẹ̀ kì í pọ̀. Bí ọ̀nà bá gbé yín dé Colwall lẹ́bàá òkè Malvern ní ìgbà yẹn, ẹ yà sí Picton Garden. Ẹ máa rí wọn lóríṣiríṣi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa á ni Shasta lára. Gerbera, tó wá láti agbègbè Barberton ní South Africa, lè gba ooru jù ú lọ. Orí ebè náà ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ọrùn rẹ̀ yọ síta.

Méje la pín. Márùn-ún ti wọlẹ̀, mo ti bomi rin wọ́n. Ọ̀kan wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà. Ìkeje yìí, màmá òyìnbó tó wà lójúlé kejì ló ni ín. Àwọn ló hú ìdí àkọ́kọ́ fún mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tí tèmi kú, inú ike ọ̀dà àtijọ́ ni wọ́n gbé e sí. Òjò wíńtà tó kọjá yìí pa tiwọn tán. Wọn ò tíì mọ̀ pé tiwọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n fọ ọwọ́ mi, kí n lọ kan ilẹ̀kùn wọn.