Àyè Rẹ Ṣì Wà Nídìí Oúnjẹ Ọba

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 4:4 àti 9:1-13

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A dúpẹ́ tí a jí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi ń wá kiri láàárọ̀ yìí ni ẹni tó lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ní kí apá ọ̀tún dìde, tí apá ò dá a lóhùn. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ gbé sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn: ìyàwó tó ń bá ọkọ rẹ̀ de bọ́tìnnì, ọmọ tó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yín wúwo lọ́kàn mi, mi ò lè gbé e mì.

A máa ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀. A máa ń gbàdúrà fún apá. A ó ta òróró sí i, a ó gbọ́wọ́ lé e, a ó ní kó dìde. Ó dára, ẹ má dákẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi aláìsàn pé ọkàn rẹ ńkọ́? Ta ló ń bi í pé kí lo ń rò nígbà tí gbogbo ilé ti sùn?

Ẹ wo Mefibóṣẹ́tì. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìròyìn dé láti Jésírẹ́ẹ̀lì pé Sọ́ọ̀lù, bàbá àgbà rẹ̀, àti Jónátánì, bàbá tó bí i, ti ṣubú sójú ogun. Alágbàtọ́ gbé e, ó ń sá lọ. Níbi tó ti ń kánjú ni ọmọ ti bọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ìròyìn kan ṣoṣo gba bàbá, ó gba ààfin, ó tún gba ẹsẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Dáfídì jọba, ó rántí májẹ̀mú òun àti Jónátánì, ó béèrè bóyá ẹnì kan ṣì kù ní ilé Sọ́ọ̀lù tí òun lè ṣoore fún. Síbà, ìránṣẹ́ ilé Sọ́ọ̀lù, dáhùn pé ọmọ Jónátánì kan kù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ. Ẹ tún ẹsẹ 3 yẹn kà dáadáa. Síbà kò dárúkọ rẹ̀. Ó sọ tẹsẹ̀, kò sọ torúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ipò yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá tíṣà tẹ́lẹ̀ ti di "bàbá tí wọ́n ní stroke yẹn." Ìyá oníbàtà ti di "ìyá arọ."

Ohun tí Dáfídì béèrè tẹ̀lé e ni pé, "Níbo ló wà?" Kò béèrè bí ẹsẹ̀ ṣe rọ tó. Kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó fà á. Ó ránṣẹ́ sí Lódébárì, wọ́n lọ mú un wá láti ilé Mákírì, níbi tó ń gbé. Nígbà tó dojú bolẹ̀ níwájú ọba, ọba pè é: "Mefibóṣẹ́tì!" Orúkọ dé kí ohunkóhun tó dé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ọmọ ọba yìí. Ó ní kí ni ìránṣẹ́ rẹ jẹ́, tí o fi ń wo òkú ajá irú èmi? Ta ló pè é ní ajá? Mo wá gbogbo orí náà, n kò rí ẹnikẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọmọ ọdún 5 ni ẹsẹ̀ ti ṣubú, ẹsẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ṣùgbọ́n ọkàn kò yéé ṣubú títí ó fi dàgbà, títí ó fi bí ọmọ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbẹ́ tí mò ń bá yín sọ wà.

Dáfídì kò bá a jiyàn, kò sì wàásù fún un. Ó dá ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un. Ó ní kí Síbà, ọmọkùnrin rẹ̀ 15 àti ìránṣẹ́ rẹ̀ 20 máa ro ilẹ̀ náà fún un. Ó sì fún un ní àyè nídìí oúnjẹ, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan fún àánú, lójoojúmọ́ ni, láàárín àwọn ọmọ ọba. Orúkọ, ohun ìní, iṣẹ́, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹun. Bí Ọlọ́run ṣe gbé ọkàn tó ṣubú dìde nìyẹn. Ẹ sì wo bí orí náà ṣe parí: ó ń jẹun nídìí oúnjẹ ọba nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ẹsẹ̀ ò tíì san, àyè ti wà. Ìwọ tó ń sọ pé dìgbà tí o bá rìn kí o tó padà sí ìjọ, kí o tó ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ, kí o tó tún rẹ́rìn-ín, ta ló sọ fún ọ pé kí o dúró dìgbà náà? Máa retí ìwòsàn, èmi náà ń bá ọ retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wá jẹun.

Mo mọ ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa, télọ̀ tó mọ agbádá rán. Rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ bo maṣíìnì, òun ò fẹ́ máa rí i. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á ní kí wọ́n sọ pé òun ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ á gbé ọbẹ̀ tó fẹ́ràn wá, á kọjú sí ògiri. Wọ́n mú un padà lọ bá dókítà nítorí ọ̀rọ̀ ọkàn yẹn, dókítà fún un lóògùn, físíò, olùtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, sì ń bá a na apá. Lọ́jọ́ kan, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sí i lọ́wọ́ òsì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fa ìlà ọrùn aṣọ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n fà bíi tiyín." Ìlà náà wọ́. Ó pa á rẹ́, ó tún un fà. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí maṣíìnì lọ́jọ́ náà. Títí di òní, apá ọ̀tún ò tíì padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ó ń fa ìlà, àwọn ọmọ-iṣẹ́ ń gé e, aṣọ ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí á tó gbàdúrà, nítorí ó ń dùn mí. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé nínú ẹni 3 tí rọpárọsẹ̀ bá ṣe, ó máa ń tó ẹni 1 tó ń bọ́ sínú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ọpọlọ gan-an ni àìsàn náà ṣá lọ́gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń sunkún láìsí ohun tó ṣe é, tí ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín níbi ọ̀fọ̀, tí bàbá tí kì í bínú ń jágbe mọ́ gbogbo ilé. Ẹ má pè é ní ìwà burúkú. Ẹ má pè é ní àìnígbàgbọ́. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ẹ má jókòó tì í kí ẹ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀. Bí kò bá sùn, tí kò jẹun, tó ń sọ pé kí òun kúkú kú, ẹ sọ fún dókítà lónìí, ìtọ́jú wà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta ti ń tọ́jú ọkàn láti 1954. Nígbà náà lọ́hùn-ún, Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó ń darí ibẹ̀, ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n lè máa gbé láàárín ènìyàn bí ìtọ́jú ti ń lọ. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ jọ̀ọ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019 ni ààrẹ buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024, àtẹ̀gùn ṣì ni ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń kí wọn káàbọ̀. A kò lè máa pe ènìyàn wá jẹun kí á ti ilẹ̀kùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Ẹni tó lè kúnlẹ̀, kó kúnlẹ̀. Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀, Ọlọ́run gbọ́ ti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, fi ọkàn bá wa ṣe àmín.

Baba wa, Ọba tó ń béèrè pé níbo ló wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O mọ Lódébárì tí ọmọ rẹ sá pamọ́ sí. O mọ yàrá náà, o mọ kọ́tìnì tí wọn ò ṣí. Ránṣẹ́ lọ mú un wá lónìí.

Olúwa, pè é lórúkọ. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti fi àìsàn rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, jẹ́ kó gbọ́ ohùn rẹ tó ń pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Gbogbo orúkọ burúkú tí ọmọ rẹ ń pe ara rẹ̀ lóru, òkú ajá, ẹrù, ìnira, ẹni tí kò wúlò mọ́, Baba, gbà á lẹ́nu rẹ̀. Fà á tu lọ́kàn rẹ̀. Má jẹ́ kó tún gbé e sọ láéláé.

Fún ẹni tí kì í sùn: Baba, fún un ní oorun. Fún ẹni tó ń sùn ṣáá tí kò fẹ́ jí: fún un ní ìdí kan tó fi máa fẹ́ jí lọ́la. Fún ẹni tí ìtìjú ìlédìí ń pa, tí ọmọ tó bí ló ń wẹ̀ ẹ́: fi ọlá rẹ bò ó. Fún ẹni tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dẹ́kun àtiwá: rán ẹnì kan sí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹni tí kò ní wá káàánú rẹ̀ lásán, ẹni tí yóò jókòó, tí yóò bá a ṣeré ayò, tí yóò bá a jà sọ́rọ̀ bọ́ọ̀lù bíi ti àtijọ́.

Fún lọ́kọláya tí àìsàn ti sọ ọ̀kan di nọ́ọ̀sì èkejì, tí wọ́n ti gbàgbé pé olólùfẹ́ ni wọ́n: Olúwa, dá ìfẹ́ wọn padà. Dá ẹ̀rín inú yàrá wọn padà.

Baba, àwọn alágbàtọ́. Obìnrin tí Mefibóṣẹ́tì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń sá nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ ni, ọ̀rọ̀ rẹ kò sì bá a wí níbì kankan. Ẹni tó wakọ̀ lọ́jọ́ jàǹbá náà, ìyá tó ń sọ pé ká ní mo tètè gbé e lọ sọ́sípítù, ọmọ tí kò rí owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rà fún bàbá rẹ̀ ní àsìkò: wò wọ́n sàn. Bọ́ ẹ̀bi náà kúrò lọ́rùn wọn. Ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n, fún un lókun. Bí wọ́n bá ti rẹ̀ tó fi jẹ́ pé wọ́n ń bínú sí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú, má bínú sí wọn, rán ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè sinmi.

Ọba tó ń mú ara dá, a kò ní ṣaláìbẹ̀ ọ́. Iṣan tó ti kú, jí i. Ahọ́n tó wúwo, tú u. Ojú tó ń ṣú, tàn án. Ọ̀nà tuntun tí ọpọlọ ń là bí wọ́n ti ń na apá, bá a là á. Bùkún ọwọ́ físíò. Pèsè owó oògùn. Ìka kan tó bá gbéra lónìí, jẹ́ kí gbogbo ilé hó yè!

Ìwọ ẹ̀mí tó ń sọ fún ọmọ Ọlọ́run pé kó gbẹ̀mí ara rẹ̀, mo dojú kọ ọ́ láàárọ̀ yìí ní orúkọ Jésù! Irọ́ lò ń pa! O kò ní rí i mú! Májèlé, okùn, ọ̀bẹ, gbogbo ohun tó ti tọ́jú síbì kan, kí Ọlọ́run fi ọwọ́ ẹlòmíràn gbé e kúrò níbẹ̀. Èlíjà béèrè ikú lábẹ́ igi, oúnjẹ àti oorun ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un, kò bú u. Ìwọ tó ń gbọ́ mi, ṣé ìwọ ni? Má dá gbé e. Pe ẹnì kan báyìí, kí àdúrà yìí tó parí, sọ ọ́ fún un. Kò ní kú! Yóò yè! Yóò sọ iṣẹ́ Olúwa!

Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ nínú àìsàn ẹlòmíràn, wòlíì èké tó ń gbowó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ arọ, kó má rí àyè mọ́. Ẹni tó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á, Olúwa, dí i lẹ́nu.

Àwọn ọmọdé tí wọ́n bí ní aláàbọ̀ ara, tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìnkùlé: mú wọn jáde, Baba, kí wọ́n lọ sílé ìwé, kí wọ́n kàwé, kí wọ́n ṣeré, kí wọ́n lọ́kọ, kí wọ́n láya. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aláàbọ̀ ara nítorí pé kò lè sáré dé kóòtù, dá a padà. Iṣẹ́ tí wọ́n lé e kúrò, ṣí òmíràn fún un. Níbi tí àwọn ọmọ ọba bá jókòó sí láti òní lọ, ibẹ̀ ni kí àwọn ènìyàn wa máa jókòó, pẹ̀lú ọ̀pá, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bó bá ṣe rí, kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n máa yó, kí ẹnikẹ́ni má lè lé wọn dìde. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa ni a gbàdúrà. Àmín, àmín, àmín o.