Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sí Agbẹjọ́rò ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà

Inú ìlú kékeré kan, Globe ní ìpínlẹ̀ Arizona, ni ẹ̀tọ́ tí a ń sọ lónìí ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1964, ọlọ́pàá mú Gerald Gault, ọmọ ọdún 15. Wọ́n ní ó sọ̀sọkúsọ sí aládùúgbò kan lórí fóònù. Òbí rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ránṣẹ́ sí wọn. Adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà láìsí agbẹjọ́rò, láìsí àkọsílẹ̀. Ìyá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ pé kí olùfisùn, ìyẹn aládùúgbò náà, wá sọ tẹnu rẹ̀. Aládùúgbò náà kò yọjú. Wọ́n rán ọmọ náà lọ sí ilé àtúnṣe títí yóò fi pé ọdún 21. Bó bá ṣe àgbàlagbà ni, ìtanràn dọ́là 5 sí 50 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 2 lọ.

Arizona kò gbà kí ọmọdé pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nígbà náà, ìdí nìyẹn tí Amelia Lewis, agbẹjọ́rò ìdílé Gault, fi gba ọ̀nà habeas corpus, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ pé kí ilé ẹjọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àhámọ́ ẹni kan bófin mu. Ní 1967, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá Gault láre: kí ọmọdé mọ ẹ̀sùn rẹ̀ lásìkò, kó ní agbẹjọ́rò, kó lè bi ẹlẹ́rìí léèrè, kó sì lè panu mọ́.

Ìgbèríko ni ẹ̀tọ́ yìí ti ń já lójú ọ̀nà. Bí agbẹjọ́rò bá ní láti wakọ̀ wákàtí méjì kó tó dé kóòtù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ rí ọmọ náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ìgbẹ́jọ́. South Dakota ṣòfin ní 2013 láti máa san owó fún agbẹjọ́rò tó bá fi ọdún márùn-ún ṣiṣẹ́ ní àgbègbè tí èèyàn ibẹ̀ kò ju 10,000 lọ. Ìgbésẹ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó débẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọmọdé.

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò, kí ẹ tó gba ẹjọ́ ọmọdé, ẹ yẹ orúkọ olùfisùn àti ti àwọn ẹlẹ́rìí wò nínú fáìlì yín. Ní ìlú kékeré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe ìwé ilẹ̀ olùfisùn, kí ẹ sì wá di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Òun ni oníbàárà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló ń sanwó. Òbí tí ojú ń tì máa ń sọ pé kó jẹ́wọ́ kí wọ́n lè tètè lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń yááfì ẹ̀tọ́ tí kò mọ̀ pé òun ní. Ẹ má bi í pé ṣé ó yé e; ọmọdé kì í fẹ́ sọ fún àgbà pé kò yé òun. Ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ẹ sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tí ọlọ́pàá ti bi í léèrè. Bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, ẹjọ́ J.D.B. (lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ kan) ti 2011 wúlò: ọmọ ọdún 13 ni wọ́n mú jáde ní kíláàsì ní North Carolina, ilé ẹjọ́ sì sọ pé ọjọ́ orí ọmọ wà lára ohun tí a ó fi mọ̀ bóyá ó wà ní àhámọ́, ìyẹn ipò tí ọlọ́pàá ti gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un kí wọ́n tó bi í léèrè. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà sílẹ̀, àti bóyá wọ́n ti ilẹ̀kùn.