Táìmù-tébù Ló Ń Yan Iṣẹ́ fún Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí Yorùbá sọ ní Kubwa, l'Ábùjá, lẹ́yìn ìpàdé oṣù wọn nìyí. Mo gé ìkíni rẹ̀ kúrú, mo sì fi ìbéèrè kan tó wáyé lẹ́yìn rẹ̀ kún un.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí. Mo ti ń gbọ́ òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, mo sì mọ̀ pé èmi àti òun la jọ ń du etí yín. N ò ní pẹ́.

Ìwé kan tí ọmọ fi ń yan iṣẹ́ tí yóò máa kọ́ ní kíláàsì rèé lọ́wọ́ mi. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, epo mọ́ínmọ́ín sì ti ràn mọ́ igun rẹ̀ kan. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1 ló mú un wá bá mi ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kó mú ọ̀kan: Hausa, Ígbò tàbí Yorùbá. Kó mú ọ̀kan: Faransé tàbí Lárúbáwá. Kó mú ọ̀kan: iṣẹ́ ọnà tàbí orin. Nísàlẹ̀ ni ibi tí òbí yóò buwọ́ lù. Ìyá rẹ̀ ti buwọ́ lù ú kí ọmọ tó mú nǹkan kan, torí ìdájí ló máa ń jáde kí súnkẹrẹ fàkẹrẹ Nyanya tó ká a mọ́. Níbi èdè, ẹnì kan ti fi báírò pupa fa igi lé Yorùbá lórí, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò sí tíṣà. Níbi tó kàn, ọmọ náà mú Lárúbáwá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Sà, Fàtímà ló mú un, ibì kan náà la máa ń jókòó sí."

Ta ló yan iṣẹ́ fún ọmọ yìí? Ìyá kọ́, bàbá kọ́, òun alára kọ́. Àìsí tíṣà yan ọ̀kan, ìjókòó yan ọ̀kan, táìmù-tébù yan èyí tó kù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: n ò bá Lárúbáwá jà, n ò sì bá Fàtímà jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé a fi ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀ fún ohun tí kò mọ ọmọ náà rí.

Àwọn tó dá ètò yìí sílẹ̀ kò rò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SS, mẹ́rin ní yunifásítì) bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, èrò wọn ni pé kí ọmọ fi ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì tọ́ nǹkan wò: kó fi ayùn rẹ́ igi, kó gbin ẹ̀fọ́, kó se oúnjẹ, kó ya àwòrán, kí àwọn tíṣà sì máa ṣọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yá. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, inú àpótí tí wọ́n fi kó àwọn ẹ̀rọ Introtech, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, wá ni wọ́n wà títí mo fi jáde. Orí àwọn àpótí náà la máa ń jókòó sí jẹ gúgúrú.

Wọ́n ti tún ètò náà ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan látìgbà náà. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ọdún 2025, tí ìjọba àpapọ̀ ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn ọmọ: kí JSS máa ṣe 12 sí 14, kí SS máa ṣe 8 sí 9. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ bí ẹran bá pọ̀ lábọ́, èyí tó bọ́ sílẹ̀ kì í ká ni lára. Nígbà tó bá ku díẹ̀ lábọ́, ojú á máa wá èyí tó bọ́.

Ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín pé àwa ará Ábùjá la ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí. NERDC tó ń kọ kàríkúlọ́ọ̀mù wà ní Sheda, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja tí ẹ máa ń gbà lọ sílé fún Iléyá àti Kérésì. JAMB wà ní Bwari, ẹ̀yìnkùlé wa níbí. NECO ò kọjá Minna. A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ fọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èdè, torí òun ló máa ń bí àwọn òbí Yorùbá nínú jù ní ìlú yìí. Gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo máa ń gbọ́ ọ: "Kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú fẹ́ fi Hausa ṣe?" Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tòmátì ni yóò fi rà. Ọmọbìnrin tèmi náà mú Hausa ní JSS1, nítorí tíṣà Yorùbá wọn ti gba tíráńsífà lọ. Inú bí mi. Lẹ́yìn ọdún kan, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Wuse. Ìyá ń fọwọ́ júwe ata, ọmọ bọ́ síwájú, ó ní, "Nawa ne?", èló ni. Bàbá aláta rẹ́rìn-ín, ó dín owó, ó tún ju tàtàṣé mẹ́ta lé e. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ kì í lọ sọ́jà láìmú un dání.

Nítorí náà, bí Yorùbá kò bá sí, ẹ jẹ́ kó kọ́ Hausa, kó sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí tíṣà Yorùbá bá wà, ẹ má sọ ohun tí bàbá kan sọ fún mi: "Ó ń gbọ́ ọ nílé, kí ló tún fẹ́ lọ kọ́?" Mo pe ọmọ náà, mo ní kó ka fáwẹ̀lì Yorùbá fún mi. Ó ní a, e, i, o, u. Ó tán. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje la ní, ẹ àti ọ sì ti sọnù mọ́ ọmọ tó ń jẹ ẹ̀bà lójoojúmọ́ lọ́wọ́. A ò tíì dé orí àránmúpè o, ká má tíì wá sọ ti àmì ohùn. Yorùbá inú WAEC ju ti ẹnu lásán lọ: èdè wà níbẹ̀, lítíréṣọ̀ wà níbẹ̀, àṣà wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Gwagwalada, tí kò gbọ́ ìjálá rí, tí kò mọ ohun tí alága ìdúró ń ṣe níbi ìdána, inú ìwé ni yóò ti kọ́kọ́ bá wọn pàdé. Ó sàn kó bá wọn pàdé níbẹ̀ ju kó má bá wọn pàdé rárá.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́, fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ohun tí wọ́n jábọ̀ ni pé àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ẹ̀rù yìí bá ṣì ń bà, mo fi sílẹ̀ fún Fáfúnwá.

Faransé, orin, iṣẹ́ ọnà, mo fò wọ́n kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní tíṣà wọn kò pọ̀. Ọmọ tó bá rí wọn, kó mú wọn.

Ibi tí ọ̀ràn ti le ni òpin JSS3. BECE, ìdánwò àṣekágbá JSS, ti parí, èsì ti dé, wọ́n fẹ́ pín ọmọ sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà. Ẹni tí máàkì rẹ̀ ga, sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó wà láàárín, kọmáṣà. Àwọn tó kù, áàtì. Bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà nìyẹn. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó fi ọdún mẹ́ta ka ìtàn àròsọ lábẹ́ tábìlì ní kíláàsì físíìsì, nítorí máàkì rẹ̀ ga, bàbá rẹ̀ sì ti ń pè é ní Dókítà láti ìgbà ìkómọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tí yunifásítì ń béèrè, kí ẹ wá máa bọ̀ wá sí SS1. JAMB ti kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, IBASS ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú kọ́ọ̀sì, ẹ mú yunifásítì, ẹ ó rí iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́. Gbogbo ẹni tó bá jókòó fún UTME, ìdánwò JAMB fún àtiwọ yunifásítì, ló ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì, á wá mú mẹ́ta mìíràn. Ìṣègùn: bàólọ́jì, kẹ́mísìrì, físíìsì, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ ṣe lọ́yà, kó má fi Lítíréṣọ̀ ṣeré. Ètò ọrọ̀ ajé ń fẹ́ ìṣirò, ibẹ̀ ló sì ti máa ń já lu ọ̀pọ̀ ọmọ áàtì lójijì. Àwọn tó wà ní kọmáṣà tí wọ́n ń sọ pé kọ̀ǹpútà làwọn fẹ́ kà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé físíìsì jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n. Ẹ sì rántí pé WAEC kì í gbà ju iṣẹ́ mẹ́sàn-án lọ, ẹnì kankan kò lè sọ pé òun yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí mo máa ń bẹ ọmọ pé kó má sọ nù: jọ́gíráfì. Ọmọ sáyẹ́ǹsì lè ṣe é, ọmọ áàtì lè ṣe é, ti kọmáṣà náà lè ṣe é. Bí ọkàn ọmọ bá yí padà ní SS2, òun ni ọmọ máa ń dì mú kó má baà ṣubú. Ìlú tí a wà yìí, orí bébà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ọdún 1979 ni àwòrán àgbà rẹ̀ jáde, ìjọba kò sì kó dé láti Èkó títí di oṣù Kejìlá ọdún 1991. Gbogbo ilẹ̀ tí ẹ ń bá ara yín ṣẹjọ́ lé lórí ní Lugbe àti Karu, ẹni tó kọ́ jọ́gíráfì ló kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Èmi gan-an sọ ọ́ nù ní SS1. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n fi períọ́dù rẹ̀ sí, bọ́ọ̀lù sì ń dúró dè mí. Nígbà tó yá, mo ní ètò ìlú ni mo fẹ́ kà, wọ́n ní jọ́gíráfì dà? Mo padà lọ kọ ọ́ ní GCE, ìdánwò àwọn tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Mo gbé irùngbọ̀n, rúlà àti pẹ́ńsùlù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde dúró, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Ó rò pé èmi ni mo fẹ́ pín ìwé ìbéèrè. Nígbà tí mo jókòó, ó wò mí títí, ó wá rọra ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà." Ẹ pẹ̀lẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Bí ẹni tó ń bọ̀ láti Berger tó gbàgbé yà sí Kubwa ló rí. Ó di Dei-Dei. Yóò padà délé lóòótọ́, àmọ́ epo ti jó, ọbẹ̀ sì ti tutù.

Ti iṣẹ́ ọwọ́, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ní kí ọmọ SS kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n tò sílẹ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì mú èyí tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ní 2025 wọ́n kó o jọ sí mẹ́fà: sólà, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ọ̀gbìn. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi irinṣẹ́ hàn yín. Ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́ àtúnṣe fóònù tí kò sí áyọ́ọ̀nù kan tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, nóòtì ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Ọmọ tó bá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Banex, níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, yóò mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan dìde láti ìlà ẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ wà ní SS1, táàmù kejì, kọmáṣà ló wà, nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe. "Ṣé ó ti bọ́ ná, sà?"

Mo ní kò tíì bọ́, àmọ́ ọjọ́ ń lọ. Bàólọ́jì, ó lè fi ìsinmi lé e bá. Kẹ́mísìrì ló máa nira, torí ohun tí wọ́n ṣe ní táàmù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́ gbogbo èyí tó kù lé lórí. Kó yá nóòtì ọmọ sáyẹ́ǹsì kan, kó dà á kọ, kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Mo ní kí ìyá fúnra wọn lọ rí pírínsípà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, torí bí wọ́n bá ti wọ SS2, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni kì í gbà á mọ́.

Ó ní, "Mọ́ńdè ni mo máa ń lọ kó ọjà ní Suleja."

Mo ní, "Ẹ lọ ní Túsìdeè, mà."

Ó yọ báírò nínú báàgì, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.