Ẹ Fa Ìgbànú Ẹṣin Lẹ́ẹ̀kejì!

Èkìtì kete, ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo ìgbà tí Ojúde Ọba bá ti kọjá n'Íjẹ̀bú-Òde báyìí lẹ máa ń dà mí láàmú, "Bọ̀dá, kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gẹṣin." Ó dáa, mo ti gbọ́.

Mi ò ní sọ ti ìjánu, ìyẹn ò le. Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í ni ìgbànú tó gba abẹ́ ikùn ẹṣin, tó di gàárì mú. Ẹ gbé gàárì lé e, ẹ fa ìgbànú, ó le dan-in, ẹ lẹ́ ẹ ti ṣe tán. Irọ́! Ẹṣin yẹn ti fẹ ikùn mọ́ yín lọ́wọ́. Ó dà bí ẹni tí télọ̀ ń wọn ìbàdí rẹ̀, tó rántí iyán tó wà nílé, ló bá ti ikùn síta kí ṣòkòtò má bàa fún un. Tẹ́ ẹ bá gùn ún báyẹn, ó máa mí jáde, ìgbànú á dẹ̀, gàárì á yí, ẹ̀yin náà á yí tẹ̀lé e. Ó ṣe mí rí n'Ílọrin, abẹ́ ẹṣin ni mo bá ara mi, ọmọ kékeré tó di okùn ẹṣin mú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Torí náà: Ẹ FÀ Á, Ẹ MÚ ẸṢIN RÌN DÍẸ̀, Ẹ TÚN UN FÀ! LẸ́Ẹ̀KEJÌ!

Ẹ máa ní kí ló dé táwọn baba wa l'Ékìtì ò fi kọ́ wa. Níbo ni wọ́n á ti rí ẹṣin tó máa pẹ́? Òkè Ọya l'Ọ̀yọ́-Ilé ti ń rà á, pápá sì ni ilẹ̀ tiwọn. Tiwa, igbó àti òkè, eṣinṣin tsetse wà ńbẹ̀, àìsàn tó ń kó sẹ́jẹ̀ ẹṣin á pa á dànù. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 gan-an, ìró ìbọn ló fún un lórúkọ, kì í ṣe pátákò ẹṣin. Ìbaaka, ọmọ tí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí fún abo ẹṣin, ì bá bá òkè wa mu torí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń múlẹ̀ lórí àpáta, àmọ́ tsetse ò dá òun náà sí.

Ó yá, apá òsì lẹ ó ti gùn ún. Wọ́n ní torí pé ìbàdí òsì làwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ń so idà mọ́ ni, tí wọ́n bá gba ọ̀tún, idà á kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ò ní idà, mo mọ̀, òsì náà ni, ibẹ̀ ló mọ́ ẹṣin lára. Ẹ di gọ̀gọ̀ ẹ̀ mú, ẹ gbẹ́sẹ̀... Ẹ dúró! Ṣé ẹ ti fa ìgbànú yẹn lẹ́ẹ̀kejì?