Sàráà tí Kámẹ́rà Ò Rí

Àsàlámù àlékúm wàráhámátúlàhì wàbárákátúhù.

Ẹ̀yin ará mi lọ́kùnrin lóbìnrin, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun Ọba tó tún jẹ́ kí a rí Jímọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ olórin kan ni mo fẹ́ fi ṣe wáàsí lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí pé, "Ààfáà, olórin kẹ̀? Lọ́jọ́ Jímọ̀?" Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, George Michael ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ará Cyprus ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ilé oúnjẹ ló sì ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti Andrew Ridgeley, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ Wham! sílẹ̀ ní 1981. Ní 1986, wọ́n kọrin papọ̀ kẹ́yìn ní pápá Wembley, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Àwo tó kọ́kọ́ dá ṣe jáde ní 1987, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Grammy tó ga jù fún àwo orin ní 1989. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ rédíò ní Èkó nígbà náà, ẹ ò lè ní ẹ ò mọ ohùn rẹ̀. Ó kú ní 25 December 2016, ẹni ọdún 53.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹnu àwọn ènìyàn wá là. Obìnrin kan ti lọ sí ètò ìdíje kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní owó ìtọ́jú tí òun á fi rí ọmọ bí ni òun ń wá, £15,000. Lọ́jọ́ kejì, George Michael pe àwọn tó ń ṣe ètò náà ní bòńkẹ́lẹ́, ó sì gbé owó náà kalẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ilẹ̀ ti bò ó ni Richard Osman, atọ́kùn ètò lórí tẹlifíṣọ̀n, tó sọ ọ́ fún aráyé. Esther Rantzen, ìyá tó dá Childline sílẹ̀, níbi tí ọmọdé tí ìyà ń jẹ ti lè fi fóònù ké gbàjarè, sọ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni George Michael fi ń fún àwọn lówó, mílíọ̀nù lórí mílíọ̀nù, pẹ̀lú owó tó ń wọlé lórí orin kan tó gbé jáde ní 1996. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹlòmíràn tún ní ó máa ń wá bá àwọn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kò nílé lórí, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bo àṣírí òun. Ó ṣe èyí tó hàn síta náà: ní 2006, ó kọrin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́jú ìyá rẹ̀ nígbà àìsàn. Ṣùgbọ́n ibi tó pọ̀ jù, abẹ́ aṣọ ló ti ṣe é.

Kì í ṣe Mùsùlùmí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ fi ìgbé ayé rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ààfáà Èkó kankan. Àmọ́ a kì í fi ojú pa oore rẹ́. Hatim, ọlọ́rẹ ẹ̀yà Tayyi, ti kú kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá sì ń fi ọrẹ rẹ̀ pòwe títí dòní. Adiyyu, ọmọ tó bí, ló di Sáhábà, alábàárìn Ànábì, òun ló sì gba hadíìsì, ọ̀rọ̀ ẹnu Ànábì, wá fún wa pé kí a ṣọ́ra fún iná, bó ṣe àbọ̀ èso dàbínù kan ni a ní láti fi tọrẹ. Ẹni tí kò bá rí ìyẹn, kó sọ ọ̀rọ̀ dáadáa.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ara wa. Ẹ wo Mushin, ẹ wo Agége, ẹ wo Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà ààwẹ̀. Wọ́n á to àwọn opó sórí ìlà nínú oòrùn, ààwẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n á gbé àpò ìrẹsì kékeré lé màmá lọ́wọ́, wọn ò sì ní jẹ́ kó máa lọ. "Màmá, ẹ wo ibí. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tó fún yín. Ẹ ṣàdúrà fún un." Bí àdúrà náà ò bá gùn tó, wọ́n á ní kó tún un ṣe. (Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti tẹ fọ́tò ara wọn sára àpò náà, bíi pé àwọn ni wọ́n gbin ìrẹsì.) Kó tó di aago ìṣínu, màmá ti wà lórí fóònù gbogbo àdúgbò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ á rí i lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àna rẹ̀ á rí i. Ìrẹsì á tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, fídíò ò ní tán.

Ọlọ́hun Ọba kò jẹ́ kí èyí rú wa lójú. Nínú Sùúrà Bákọ́rà, āyà 264, Ó ní kí àwa onígbàgbọ́ má fi ìrègún àti ìnira ba sàráà wa jẹ́, bí ẹni tó ń ná owó rẹ̀ kí ènìyàn lè rí i. Ó fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé àpáta dídán tí erùpẹ̀ bò: òjò ńlá dé, ó gbá erùpẹ̀ lọ, ó ku àpáta lásán. Āyà tó ṣáájú rẹ̀ sì sọ pé ọ̀rọ̀ rere àti àmójúkúrò sàn ju sàráà tí ìnira tẹ̀ lé. Nínú Sùúrà yìí kan náà, ní āyà 273, Ó sọ̀rọ̀ àwọn aláìní kan tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á máa pè ní ọlọ́rọ̀ nítorí pé wọ́n pa ara wọn mọ́, wọn kì í fi dandan tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn. Èkó kún fún wọn. Ìyá tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, tí ìbòrí rẹ̀ mọ́ tónítóní, tó ń kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín, ta ló sọ fún yín pé ó ti jẹun láti àná? Irú wọn ò ní wá tò síwájú kámẹ́rà. Ebi á kúkú pa wọ́n.

Ẹ rántí hadíìsì tí Abu Huraira gbà wá, tí Bukhari àti Muslim, àwọn ààfáà tó kó hadíìsì jọ sínú ìwé, jọ kọ sílẹ̀, nípa àwọn méje tí Ọlọ́hun yóò fi ìbòòji Rẹ̀ bò lọ́jọ́ tí kò ní sí ìbòòji mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ṣe sàráà, tó fi í pamọ́ débi pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ná. Ẹ tún rántí èyí tó le, nínú ìwé Muslim: ọlọ́rọ̀ kan yóò wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́. Yóò ní òun náwó sí gbogbo ọ̀nà tí Ọlọ́hun fẹ́. Wọ́n á ní irọ́ ló pa, kí wọ́n lè máa pè é ní ọlọ́rẹ ló ṣe ṣe é, wọ́n sì ti pè é. Iná ni wọ́n á wọ́ ọ sí. Ẹ gbọ́ o: owó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìní, wọ́n jẹ, wọ́n yó. Òun nìkan ni kò rí láádá gbà.

Àwọn ẹni ìṣáájú mọ èyí. Ìtàn sọ fún wa pé Aliyu ọmọ Huseini, tí wọ́n ń pè ní Zainul Abidin, ọmọ-ọmọ Fatima, máa ń gbé àpò oúnjẹ sẹ́yìn lóru, á máa gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn aláìní Mẹ̀dínà. Wọn ò mọ ẹni tó ń bọ́ wọn. Ìgbà tó kú tí oúnjẹ náà dáwọ́ dúró ni wọ́n mọ̀, àwọn tó wẹ̀ ẹ́ sì rí àpá ẹrù lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé gbogbo sàráà gbangba ló wá burú ni? Rárá. Āyà 271 nínú Sùúrà Bákọ́rà sọ pé tí a bá ṣe é ní gbangba, ó dára. Tí a bá fi í pamọ́ fún aláìní, ó dára jù fún wa. Nígbà tí àwọn ẹ̀yà Mudar dé ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pẹ̀lú aṣọ yíya àti ìṣẹ́ lójú, gbangba ni ará Mẹ̀dínà kan ti gbé àpò owó wá, tí àwọn yòókù fi tẹ̀ lé e. Ànábì sì yìn ín. Ní oṣù November 2021, Davido ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun fi mílíọ̀nù náírà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí òun. Owó tó wọlé lé ní 200 mílíọ̀nù, ó fi 50 mílíọ̀nù kún un lápò ara rẹ̀, ó sì kéde 250 mílíọ̀nù fún àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí. Lójú tèmi, owó tí a gbà ní gbangba, gbangba náà ló yẹ ká ti jíyìn rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní 4 July 1894, orúkọ ẹni tó ná owó rẹ̀ ló ń jẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kírun níbẹ̀, ta ló ní kó dúró yafọ́tò kó tó wọlé?

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò. Kí gbogbo ayé mọ olówó, ọ̀rọ̀ òun àti àníyàn ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Ojú aláìní ni kò gbọdọ̀ hàn.

Kò sì ṣòro. Ẹ lọ sí ilé ìwé tó wà ládùúgbò, ẹ bi akọ̀wé owó pé ọmọ ta ni wọ́n ń lé nílé nítorí owó, ẹ san án, kí ìwé ẹ̀rí owó má ní orúkọ yín. Ẹ lọ bá ìyá tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹ ní kó ṣí ìwé gbèsè rẹ̀, kó fa ìlà sí méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ yín, ẹ má fi í ránṣẹ́ láti àkáǹtì yín, ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe POS lọ. Orúkọ tirẹ̀ ni yóò jáde lórí álààtì. Bí wọ́n bá sì ń béèrè ẹni tó ṣe é lójú yín, ẹ bá wọn ṣe àmín sí àdúrà náà, kí ẹ dákẹ́.

Ẹ̀yin tí fídíò ààwẹ̀ tó kọjá ṣì wà lójú ìwé yín, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó ṣe àlùwàlá lọ kírun ọ̀sán yìí. Ẹ kú Jímọ̀ o.